Ìlẹ̀kẹ̀ Àdúrà Mi àti Ti Ìyá Mi

Oníbàárà mi kan, obìnrin tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Kabba, yà sí ìsọ̀ ìwé mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó tó lọ pàtẹ. Ó bá mi níbi tí mo jókòó sí, ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú àpò aṣọ kékeré kan tí mo fi kọ́ ọrùn, ètè mi sì ń mì. Ó dúró títí mo fi ṣe tán, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé, "Tíṣà, okun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù fún mi nínú awúre inú àpò yín yìí. Ọjà kò tà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fa ohun tí ó wà nínú àpò náà yọ fún un. Ìlẹ̀kẹ̀ igi ni ó rí, tí a sín sórí okùn. Ó ní, "Rósárì ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Tẹ̀sùbáà ni?" Mo tún ní rárá. Ó wo ojú mi bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ó tún gbé e mì, ó ra ìwé ìṣirò kan fún ọmọ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé ó yẹ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bí obìnrin yìí ti bi mí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bi mí láti ọgbọ̀n ọdún ó lé, ìlẹ̀kẹ̀ yìí kan náà ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín èmi àti ìyá tí ó bí mi jẹ́.

Ní ọdún 1978 ni mo wọ ilé-ìwé gíga ní Kabba. Ìpínlẹ̀ Kwara ni a wà nígbà náà; ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1976, owó epo rọ̀bì wà, ilé-ìwé ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò tó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba olùkọ́ wá láti Íńdíà àti Gánà àti ibòmíràn, pàápàá àwọn tí yóò kọ́ni ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ará Madras ní gúúsù Íńdíà ni ẹni tí ó kọ́ wa ní ìṣirò. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í na ọmọ, ṣùgbọ́n bí o bá ṣi ìṣirò ṣe yóò wò ọ́ bí ẹni pé ìwọ ni o pa bàbá rẹ̀.

Ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tí a ń gbà lọ pọn omi ní ìdájí. A máa ń rí i lẹ́yìnkùlé, a tún máa ń fara pamọ́ láti wò ó. Yóò ti wẹ̀, yóò kọjú sí ìlà-oòrùn, yóò bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, yóò sì máa wí ohun kan sínú. Òwú funfun kan wà lára rẹ̀ láti èjìká òsì dé ìbàdí ọ̀tún, abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ó máa ń wà bí ó bá wá sí kíláàsì. A kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa. Ońdè ni òwú náà. Oògùn ìsọ̀yè ni ohun tí ó ń wí. Òun ni ó jẹ́ kí ó mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀. Èmi àti àwọn mẹ́ta mìíràn pinnu láti kọ́ ọ. A lọ lúgọ fún bíi ọ̀sẹ̀ méjì, a kọ ohun tí etí wa gbọ́ sínú ìwé ní lẹ́tà Yorùbá, a há a sórí, a sì wí i ní ẹ̀ẹ̀méje ní òru ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Ààmì 35 nínú 100 ni mo gbà. Ẹni tí kò bá wa wí i rárá nínú yàrá wa gba 61.

Kò yẹ kí ẹ fi wá ṣẹ̀sín jù. Ìran àwọn ẹ̀gbọ́n wa ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, àti fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn akọ̀wé àti ọmọ ilé-ìwé a máa fi owó ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ de Laurence ní Chicago ní Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn sí Íńdíà tààrà, láti ra òrùka, tírà àti ìwé oògùn. Lójú wa, Íńdíà ni orírun agbára òkùnkùn gbogbo ayé. Àní àwòrán Mámí Wọtá tí ẹ mọ̀ yẹn, obìnrin onírun gígùn tí ejò rọ̀ mọ́ lọ́rùn, Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ilé-iṣẹ́ kan ní Bombay ni ó sì tún un tẹ̀ ní 1955 fún àwọn oníṣòwò kan ní Kumasi. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká. Àwọn ọlọ́sìn òrìṣà omi ní Benin àti Togo tilẹ̀ ń gbé àwòrán òrìṣà Íńdíà kọ́ sí ojúbọ wọn títí di òní.

Olùkọ́ wa mú wa lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní ọjọ́ kan. A rò pé a ti kú. Ó mú wa wọlé, ó fún wa ní ìrẹsì, ó sì bi wá léèrè ohun tí a ń wá. Nígbà tí ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àdúrà náà ń jẹ́ Gayatri, inú Rigveda ni ó ti wá, ìwé mímọ́ tí ó ti lé ní 3,000 ọdún. Ìró 24 ni ó wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni a ń wí i sí, ohun tí a sì ń bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kí ó ta òye wa jí. Òwú ọrùn rẹ̀ ni a fi sí i lára ní kékeré, nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní àdúrà náà, láti fi hàn pé ó ti di akẹ́kọ̀ọ́. "Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún òye," ni ó wí, "lẹ́yìn náà mo sì jókòó, mo ka ìwé mi. Apá kejì ni ẹ̀yin gbàgbé." Láti ọjọ́ náà ni ìṣirò mi ti gún régé.

Nígbà tí náírà wálẹ̀ ní 1986, owó oṣù àwọn àjèjì kò tó nǹkan mọ́ bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀pọ̀ wọn kó ẹrù wọn. Tiwa náà lọ. N kò tún fojú kàn án mọ́.

Ní 1987 mo ń ṣe olùkọ́ ní Èkó, mo ń gbé nínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọkùnrin Bùnú kan. Ní ìbùdókọ̀ ni mo ti bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé ní ìrọ̀lẹ́, dúdú bíi tèmi, wọ́n fárí, wọ́n ró aṣọ aláwọ̀ ọsàn, wọ́n ń lu ìlù gígùn olójú méjì, wọ́n ń lu aro kékeré, wọ́n ń kọrin ní èdè tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹni tí ó ta ìwé fún mi. Èmi rò pé ará Íńdíà nìkan ni ó lè ṣe ẹ̀sìn náà. Ó ní kí n wá jẹun ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ mọ̀ pé olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tíì jáde kì í kọ oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a débẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa kò gùn. Ní Bengal ní ilẹ̀ Íńdíà, ọkùnrin kan tí à ń pè ní Chaitanya, tí a bí ní 1486, ni ó kó orúkọ Ọlọ́run jáde láti inú tẹ́ḿpìlì sí ìgboro, tí ó ní kí olówó àti òtòṣì, ẹni tí a kà sí àti ẹni tí a kò kà sí, jùmọ̀ máa kọ ọ́ lórin. Ní 1965, bàbá arúgbó kan láti Calcutta, A. C. Bhaktivedanta Swami Prabhupada, ẹni 69 ọdún, wọ ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù kan lọ sí Amẹ́ríkà. Owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju rúpíì 40 lọ. Ní New York ni ó ti dá ẹgbẹ́ Hare Krishna sílẹ̀ ní 1966. Nígbà tí ó fi kú ní 1977, ẹgbẹ́ náà ti tàn kárí ayé. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan, Bhakti Tirtha Swami, tí a bí sí Cleveland ní 1950, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ láti gbìn ín sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; ó kú ní 2005. Ní Gánà, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà wọlé: ọmọ Gánà fúnra rẹ̀, Swami Ghanananda Saraswati, ni ó lọ kọ́ ọ ní Íńdíà, tí ó padà wá dá ilé ìsìn Híńdù sílẹ̀ ní Accra, tí ó sì darí rẹ̀ títí ó fi kú ní 2016.

Ohun tí àwọn ará Èkó wọ̀nyí fún mi ni mántrà kan. Ọ̀rọ̀ Sanskrit ni mántrà. "Man" ni ọkàn tí ń ronú, "tra" ni ohun èlò, tàbí ohun tí ń gbani sílẹ̀. Ohun tí a fi ń gba ọkàn lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni, bí èmi ti yé e sí. Orúkọ 3 péré ni ó wà nínú tèmi: Hare, Krishna, Rama. Wọ́n tò wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi di ọ̀rọ̀ 16, Hare 8, Krishna 4, Rama 4. Ó parí. Kò sí "fún mi", kò sí "gbà mí", kò sí "ṣẹ́gun ọ̀tá mi". Krishna ni wọ́n ń pe Ọlọ́run. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni dúdú, wọ́n sì tún ń túmọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí ń fa gbogbo ọkàn mọ́ra. Ọlọ́run tí ó dúdú! Èyí dùn mọ́ mi nínú, n kò fẹ́ parọ́. Rama ni orísun ayọ̀. Hare ni a fi ń ké pe agbára Ọlọ́run, èyí tí wọ́n ń pè ní obìnrin, bí ìgbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ ké sí ìyá kí ó lè bá a bá bàbá sọ̀rọ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 108, pẹ̀lú ńlá kan lórí tí a kì í rékọjá. Bí a bá dé ibẹ̀, ńṣe ni a ń yí ìlẹ̀kẹ̀ padà gba ibi tí a ti wá. Igi tulsi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, ìbátan efinrin tí ẹ fi ń se ọbẹ̀. Àtàńpàkò àti ìka àárín ni a fi ń kà á. Ìka ìfábẹ̀lá a wà níta àpò, kò gbọdọ̀ kàn án. Lórí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ó wí ọ̀rọ̀ 16 náà pé. Bí a bá ka 108 tán, ìyípo kan nìyẹn, ó tó bí ìṣẹ́jú 7 fún ẹni tí ó ti mọ́ lára. Àwọn tí ó bá ti gba orúkọ tuntun lọ́wọ́ olùkọ́ a máa jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìyípo 16 lójoojúmọ́, ìgbà 1,728, bíi wákàtí méjì, ìdájí kí oòrùn tó là ni ó sì dára jù. Sísọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ báyìí ni wọ́n ń pè ní japa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òde òní, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ti Kánádà, n kò sá lọ sí ibì kankan. Bí a bá pé jọ tí ẹnì kan ń lé tí àwọn yòókù ń gbè, gẹ́gẹ́ bí orin tiwa náà, kirtan ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi ará Bùnú ní ọfọ̀ ni mo ń pè. Mo rò ó dáadáa. Ọfọ̀ a máa pàṣẹ. Ó mọ orúkọ nǹkan, ó mọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí ó ṣe báyìí. Èyí kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ní láti fi nǹkan ilé wa wé e, oríkì ni. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá mi a máa kí wa ní oríkì bí a bá kúnlẹ̀ kí i ní òwúrọ̀. Kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wa. Ó kàn ń pè wá ni, ara wa a sì máa yá gágá. Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ Ọlọ́run àti Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀, pé bí orúkọ bá wà ní ètè, òun náà ti dé. Ẹni tí wọ́n bá ti kí ní oríkì rí kò ní ṣòro fún láti lóye èyí. Kí n má tàn yín o: àwọn ará Íńdíà ní mántrà tí wọ́n fi ń tọrọ owó àti ọmọ àti ìwòsàn pẹ̀lú. Kò sí ilẹ̀ tí ènìyàn kò ti í tọrọ.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí mántrà náà ràn án gbọ́dọ̀ fi ohun mẹ́rin sílẹ̀: ẹran, ẹja àti ẹyin, tẹ́tẹ́, panṣágà, àti ohun gbogbo tí ń pani tàbí tí ń lé oorun lọ, ọtí, tábà, tíì àti kọfí. Obì wọ inú rẹ̀, nítorí èròjà tí ó wà nínú kọfí náà ni ó wà nínú obì. Ẹ sì rántí pé ìlú kọfí ni tiwa. Kọfí ni bàbá mi gbìn sí ọ̀nà Ìjùmú. Kọfí ni ó tà tí ó fi sanwó ilé-ìwé mi láti ìwé kìíní títí dé ìwé karùn-ún.

Bàbá mi kú ní 1989. Mo wọ ọkọ̀ láti Èkó dé ilé ní òru, mo fárí, mo so àpò ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn. Àwọn kan rò pé ọ̀fọ̀ ni mo fárí fún, mo sì jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Mo mú aṣọ aláwọ̀ ọsàn kan wá pẹ̀lú. Nígbà tí àbúrò bàbá mi rí i lórí okùn, ó ní, "Ṣé aṣọ ìpò ni o rà bọ̀ láti Èkó? Bàbá rẹ kì í ṣe ìjòyè." Aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú ń hun fún ìsìnkú ìjòyè àti fún egúngún ni ó ń sọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ẹ̀rín ìkẹyìn.

Fadá ti sin òkú tán, ẹbí jókòó. Wọ́n pa obì. Nínú agbo ilé wa, àkọ́bí ni ó ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí àwọn yòókù tó jẹ. Wọ́n nà án sí mi. Mo gbà á, mo mú un dání, mo ní n kì í jẹ obì mọ́. Wọ́n bi mí léèrè ìdí. Dípò kí n bẹ̀bẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ọmọ ọdún 25 ni mí, ọdún méjì péré ni mo ti ń ka ìlẹ̀kẹ̀, mo sì ń kọ́ àwọn àgbà tí ó jẹ obì níbi ìsọmọlórúkọ mi ní ohun tí ó dára fún ara. Mo ní bí wọ́n ti pa òbúkọ yẹn kò dára. Mo mẹ́nu kan kọfí pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ kọfí yìí ni àbúrò bàbá mi kò lè gbà. Ó dìde. "Kọfí tí ó tọ́ ọ dàgbà ni o wá bú lórí sàréè ẹni tí ó gbìn ín?" Ó jáde. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Obì náà gbẹ sí mi lọ́wọ́.

Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Ó wà ní yàrá, rósárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́, ó kàn bi mí pé, "Ta ni o ń pè lórí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn?" Mo ní Ọlọ́run ni. Ó ní, "Ṣé Ọlọ́run tí ó ní kí o má jẹ obì bàbá rẹ?" N kò rí èsì.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù kì í ṣe obì. Ìkòkò ni. Nítorí pé gbogbo ìkòkò ilé wa ni a ti fi se ẹja àti ẹran, mo gbé ìkòkò kékeré kan dání nígbà tí mo tún wálé ní Kérésìmesì, mo ń dá oúnjẹ mi sè lẹ́yìnkùlé, mo ń gbé e síwájú àwòrán Krishna kí n tó jẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ mi. Mo rò pé ìmọ́tótó àti ìfọkànsìn ni mo ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ìlú wa mọ ohun tí ojú ayé rí. Ọmọkùnrin tí ó ti Èkó dé, tí kò jẹ nínú ìkòkò ìyá rẹ̀, tí ó ń dáná tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ni ó ń bẹ̀rù? Kí ó tó di ọdún tuntun, ọ̀rọ̀ náà ti dé ibi omi, ó ti dé ọjà, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì: wọ́n ní mo lọ wádìí ní Èkó, wọ́n ní ìyá mi ni ó pa bàbá mi, òun ni mo sì ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣọ́ ara mi fún. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn àti òun lórí àga. Opó ni, ẹni 50 ọdún ó lé díẹ̀. Èmi kò mọ̀ rárá. Èmi ti padà sí Èkó, mo ń ka 1,728 mi ní ìdájí, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ọdún mẹ́ta kọjá kí àbúrò mi obìnrin tó sọ ọ́ fún mi. Mo sá wálé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, mo sì bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó ní, "Bí mo bá sọ ọ́, o ó jẹun mi nítorí ẹnu ayé. Mo fẹ́ kí o jẹ ẹ́ nítorí pé ó dùn." Mo ní kí ó se ẹ̀fọ́ tí kò ní ẹja àti ẹran fún mi. Ó sè é, ó gún iyán sí i. Nínú ìkòkò rẹ̀ ni ó ti sè é. Mo jẹ ẹ́ ní gbangba ní ẹnu ọ̀nà ilé wa níbi tí gbogbo ènìyàn tí ń kọjá lè rí mi, mo sì tún béèrè sí i. Àwọn tí ó le jù mí lọ nínú ẹ̀sìn náà lè ní mo ṣẹ̀. Kí wọ́n wí.

Ó ṣì kù díẹ̀ kí àárín wa tó gún. Mo fẹ́ ìyàwó, mo gba ìgbéga lọ sílé, mo ń kọ́ni ní Kabba. Ìyá mi kì í bi mí léèrè ìlẹ̀kẹ̀, èmi kì í sì mú un jáde lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá ara wa gbé bí ẹni méjì tí ó jẹ owó ẹnì kan tí wọn kò fẹ́ dárúkọ.

Ní 2009 ẹ̀gbà dá ìyá mi. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ wúwo, ṣùgbọ́n ó padà ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ń dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ ni rósárì. Ó ti ń kà á lójoojúmọ́ láti ìgbà tí ó ti ṣe ìrìbọmi. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n kà, yóò já bọ́, yóò pàdánù ibi tí ó dé, yóò sì sunkún bí ọmọdé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó tì í, mo mú rósárì náà, mo ní kí ó máa wí, èmi yóò máa kà. Àdúrà Màríà 10, àdúrà Baba Wa 1, ìdìpọ̀ 5. Ìka mi ti mọ ìlẹ̀kẹ̀ ju bí ìka ẹnikẹ́ni nínú ilé náà ti mọ̀ ọ́n lọ. N kò fo ọ̀kan, n kò ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀méjì. Láti ọjọ́ náà, èmi ni ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí mo bá pẹ́ nílé-ìwé, yóò ní kí wọ́n lọ wò mí wá.

Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ìdájí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tirẹ̀, ni ó wí pé, "Ka tìrẹ kí n gbọ́." Mo rò pé etí mi ni. Ó tún un wí. Mo lọ mú àpò mi wá, mo sì ka ìyípo kan lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, sókè díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí olùkọ́ wa mú wa lẹ́yìnkùlé lọ. Nígbà tí mo dé ìlẹ̀kẹ̀ ńlá orí, mo dákẹ́. Ó la ojú.

"O ń sáré jù," ni ó wí. "Bí o bá ń pe ènìyàn báyìí, kí ó tó dá ọ lóhùn o ti kọjá."

Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń ka ìlẹ̀kẹ̀ náà nígbà yẹn. Mo ti ka ìwé lórí rẹ̀, mo ti gbọ́ ìwàásù àwọn swami. Ohun tí gbogbo wọn ń wí kò ju èyí lọ: pé kí a fetí sí orúkọ náà bí a ti ń wí i, kí a pè é bí ọmọ ti ń ké sí ìyá rẹ̀ nínú òkùnkùn, kí a má kàn máa lé iye. Èmi ti ń lé iye láti 1987. Mo tún un kà. Ó fi ìṣẹ́jú 12 gbà á. Ó ti sùn kí n tó parí.

Láti ìgbà náà, mo fi ìyípo 16 sílẹ̀. Mẹ́rin ni mo ń kà, mo ń kà á jẹ́jẹ́. N kò gba orúkọ tuntun, n kò sì rò pé mo máa gbà á mọ́. N kò jẹ ẹran láti ìgbà yẹn wá. Ṣùgbọ́n mo ti padà ń mu kọfí, ife kan ní òwúrọ̀ Sátidé, láti inú oko bàbá mi tí àbúrò mi ṣì ń roko rẹ̀.

Ìyá mi kú ní 2011. Nígbà tí ẹbí jókòó, àbúrò bàbá mi, tí ó ti di arúgbó, ni ó mú obì. Gbogbo ojú wà lára mi. Ó pa á, ó wò mí títí, ó ní, "Gbà á, fi kan ètè, kí o sì gbé e fún àbúrò rẹ kí ó jẹ ẹ́ fún ọ. Ọwọ́ ni ìyá rẹ ní o yá òun. Ìwọ náà yá ẹnu." Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é.

A pín ẹrù rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Rósárì náà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Inú àpò kan náà pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tulsi ni ó wà, oníbàárà mi ni kò wò ó dé ìsàlẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ àpótí ìyá mi ni a tún ti rí ìkòkò kékeré tí mo gbé wá láti Èkó ní Kérésìmesì 1989. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti fi aṣọ wé e. Àwọn ọmọ àbúrò mi ni ó ń fi í se iṣu báyìí, wọ́n sì ti ń fi í se ẹja.